Ìṣẹ́tí Aṣọ Wòlíì Pẹ̀lẹ́

Ọṣẹ kọ̀, kò hó.

Alágbàfọ̀ tún bu ọṣẹ sí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu omi inú bàsíà, omi náà sì kàn dákẹ́ síbẹ̀. Ó dà á nù, ó pọn òmíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì tó fọ̀ láàárọ̀ hó dáadáa. Aṣọ ẹni tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ gan-an hó, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀. Ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ló kọ̀ jálẹ̀, ìyẹn aṣọ funfun gígùn tí Wòlíì Pẹ̀lẹ́ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó nà án sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Ohun tó rí ni ohun tó ti ń rí láti ọjọ́ yìí: wọ́n ti tú ìṣẹ́tí aṣọ náà lápá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti fi òwú tuntun rán an padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ta ló máa ń tú ìṣẹ́tí aṣọ tí kò gbó, tí kò ya? Ó ti rẹ Alágbàfọ̀ jù láti máa ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti bàsíà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì jókòó.

"Kí ló dé tó o fi ń mí bí ẹni tó gun òkè?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá láti yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ọṣẹ tí wọ́n ń tà lóde òní ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò dáa mọ́."

"Má parọ́ mọ́ ọṣẹ. Ìwọ ni ọ̀lẹ ti ń mú. Gbé omi kaná."

Àǹtí Búlúù ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí pé búlúù tó fi ń ṣan aṣọ funfun láti ìgbà ọmọge ti pa èékánná rẹ̀ láró, kò sì ṣí mọ́. Òun ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ní báyìí, orí àga ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, tó gbé ẹsẹ̀ òsì tó ní egbò lé orí àpótí. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọsibítù fún un ní oògùn tó yẹ kó máa lò títí ayé, ó sì ń lò ó dáadáa, títí di ìgbà tí Wòlíì Pẹ̀lẹ́ fi ohùn tútù rẹ̀ sọ fún un pé ẹni tó bá ṣì ń gbé oògùn mì kò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí pẹpẹ. Láti ìgbà náà ni egbò ti kọ̀ tí kò jiná. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òpópónà kejì ti sọ ọ́ ketekete fún Alágbàfọ̀ pé bí obìnrin náà kò bá padà sídìí oògùn kíákíá, ojú ni ṣúgà máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tún fún un ní oògùn mìíràn. Ó wà nínú agolo ṣítáàṣì tó ṣófo lábẹ́ tábìlì ìlọṣọ. Ojoojúmọ́ ni Alágbàfọ̀ ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojoojúmọ́ ni agolo náà ń padà síbi tó ti wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó lónìí nìkan."

"Mo fi iwájú orí kan ìṣẹ́tí aṣọ lánàá, ọkàn mi sì balẹ̀. Fi mí sílẹ̀, àbúrò mi."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìjọ yẹn nìyẹn. Aláìsàn á kúnlẹ̀ sẹ́yìn Wòlíì, á fi iwájú orí kan ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Wòlíì ní ọwọ́ ti kó ẹ̀gbin ayé, iwájú orí ni Ọlọ́run ń fi èdìdì sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti kà á.

*

Ní yàrá ìmúra tó wà lẹ́yìn pẹpẹ, Ìyá Ìjọ, ìyàwó Wòlíì, gbé ìdì kékeré kan lé itan. Kò ju àtàǹpàkò lọ, aṣọ dúdú ni wọ́n fi wé e. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń tú u kúrò nínú ìṣẹ́tí aṣọ kí wọ́n tó gbé aṣọ lọ fún Alágbàfọ̀, torí pé ìdì náà kò gbọ́dọ̀ kan ọṣẹ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì ń rán an padà.

"Ó ń wúwo sí i," ó wí.

"Má sọ̀rọ̀ rẹ̀," Wòlíì dá a lóhùn.

Ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń rí. Ì báà jẹ́ inú ló ń bí i, ì báà jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà á, ohùn yẹn kì í yí padà, ìyẹn ló sì ń ba ìyàwó rẹ̀ lẹ́rù jù lára ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀rù ló ń bà á lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀, ó bá òkú alángbá lẹ́nu ọ̀nà pẹpẹ, tó dojú ikùn sókè. Iná fìtílà kú mọ́ ọn lójú nígbà tí afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Lánàá, bó ṣe ń wàásù lọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo lójijì lẹ́nu, ó sì rí Olùkọ́ lórí ìjókòó iwájú tó ń wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Olùkọ́ ló ń kọ́ ìjọ ní Bíbélì láàárín ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n sọ ni, oníwà-bí-ọ̀rẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn Wòlíì ni tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé bàbá arúgbó adáhunṣe yẹn," Wòlíì wí. "Èmi ni mo júwe ọ̀nà fún un. Ohun tí mo gbà níbẹ̀ lòun náà ti lọ gbà. Bóyá tiẹ̀ tilẹ̀ le ju tèmi lọ."

"Ẹnì kan náà ló ń fọ aṣọ ẹ̀yin méjèèjì," ìyàwó rẹ̀ wí, láìgbé ojú sókè.

Kò sọ ọ́ láti fi ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti sú u ni, ó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ bí èémí. Ṣùgbọ́n Wòlíì yíjú sí i, ó sì wò ó títí.

*

Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ, nígbà tí Wòlíì Pẹ̀lẹ́ yọ sí ṣọ́ọ̀bù. Alágbàfọ̀ kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn gbé ojú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń lọ̀, ó sì rí i tó dúró sáàárín àwọn aṣọ funfun tó fi kọ́, bí ẹni pé ara wọn ló ti jáde.

"Ẹ káalẹ́, Wòlíì."

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọ́?"

"Ó ń sùn. Oorun rẹ̀ ti ń pọ̀ jù."

"Mo mọ̀. Mo rí i lójú ìran." Ó mú bébà kékeré kan jáde láti àpò, ó gbé e ka orí tábìlì. Lẹ́búlẹ́bú kan tó rí bí eérú ló wà nínú rẹ̀. "Bó o bá ń fi ṣítáàṣì sí aṣọ Olùkọ́, bu èyí mọ́ ọn. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, kò ní lè ka ìlà kan ṣoṣo jáde. Ọlọ́run ló fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, nítorí olùkọ́ èké ni."

Ọwọ́ Alágbàfọ̀ dúró lórí áyọ́ọ̀nù. "Wòlíì, aṣọ lèmi ń fọ̀ o. Mi ò sí nínú ìyókù."

"Bó o bá ṣe é, màá pe ẹ̀gbọ́n rẹ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Màá sọ fún un pé Ọlọ́run ti ní kó padà sídìí oògùn rẹ̀." Wòlíì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò ní gbọ́ tìẹ, ìwọ náà mọ̀. Tèmi nìkan ló máa gbọ́."

Òótọ́ ni, ohun tó sì dun Alágbàfọ̀ jù nìyẹn. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, gbogbo omijé rẹ̀, kò tó ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọkùnrin yìí. Nígbà tó máa gbé ojú sókè, òjò nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ tó ń lọ̀ ti jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

*

Olùkọ́ ní tiẹ̀, ojúmọmọ ló wá. Ó ti ń kí ènìyàn láti ìta, ó bá àwọn aládùúgbò ṣàwàdà, ó béèrè bí ọmọ ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tó lọ́mọ. Nígbà tó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá. Mo mọ̀ pé Wòlíì wá síbí lánàá."

Alágbàfọ̀ tẹra mọ́ aṣọ tó ń lọ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù mi. Kò sẹ́ni tó mọ ọkùnrin yẹn tó mi. Ìkookò ni, awọ àgùntàn ló gbé bora. Ẹ wo ohun tó sọ ẹ̀gbọ́n yín dà." Ó yọ ìgò kékeré kan, omi inú rẹ̀ ń dán bí òróró. "Ẹ wọ́n èyí sí aṣọ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́. Ara á máa jó o, á bọ́ aṣọ náà fúnra rẹ̀. Bí ìjọ bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹ̀kọ́ tí màá kọ́kọ́ kọ́ wọn ni pé Ọlọ́run ló ni ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n yín á lo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an."

"Ṣé ẹ ò lè kọ́ wọn báyìí? Àní lónìí?"

Olùkọ́ wò ó tàánú-tàánú. "Ọ̀gá, ohun gbogbo ló ní àsìkò tiẹ̀."

Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì ń súfèé lọ.

*

Ó ku ọ̀la kí ó gbé aṣọ méjèèjì padà. Wọ́n gùn bákan náà, wọ́n funfun bákan náà. Òwú pupa tó fi sàmì sí ọrùn ti Wòlíì àti òwú dúdú tó wà ní ti Olùkọ́ nìkan ni ìyàtọ̀ wọn. Alágbàfọ̀ jókòó tì wọ́n, ó sì sunkún díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀, ẹkún ẹni tó ti rẹ̀.

Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ènìyàn burúkú bá lè mú kí ẹ yè, ṣé kí n ṣe ohun tó ní kí n ṣe?"

Àǹtí Búlúù kò yí ojú rẹ̀ sí i. Ògiri ló ń wò. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o ti dán an wò lára àkísà?"

Àwàdà ló ń fi ṣe. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ ọ nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọdé: ohunkóhun tó o kò bá lò rí, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, ìbáà jẹ́ búlúù, kọ́kọ́ dán an wò lára àkísà kó o tó fi kan aṣọ oníbàárà. Alágbàfọ̀ padà síta, ó wá àkísà méjì. Ó po lẹ́búlẹ́bú Wòlíì mọ́ ṣítáàṣì, ó kán an sí ọ̀kan. Ó kán omi inú ìgò Olùkọ́ sí èkejì.

Eṣinṣin kan bà lé àkísà àkọ́kọ́, kò sì fò mọ́. Òmíràn bà lé èkejì, òun náà kò fò mọ́. Alágbàfọ̀ gbé àkísà kan súnmọ́ imú, ó gbé èkejì. Ó tún gbé ti àkọ́kọ́. Òórùn kan náà ni, òórùn irun tó jóná àti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́.

Ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá, yálà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tàbí lọ́dọ̀ ẹnì kejì. Ẹni tó bá borí á ṣì fẹ́ kí àwọn aláìsàn máa kúnlẹ̀ sẹ́yìn òun.

Ó da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà, àti àkísà, àti ìgò. Omi gọ́tà náà dúró, kò ṣàn mọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ti ń ké níbẹ̀ látọjọ́ tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ dákẹ́, wọn kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Alágbàfọ̀ fọ ọwọ́ títí awọ fi fẹ́ bó. Ó tún aṣọ méjèèjì fọ̀ nínú omi gbígbóná, ó fi ṣítáàṣì lásán sí wọn, ó lọ̀ wọ́n. Nígbà tó gbé wọn padà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún àwọn méjèèjì.

"Mo ti ṣe é."

*

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé ìjọsìn. Ẹ̀gbọ́n náà ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, Alágbàfọ̀ sì rò pé egbò ló fà á. Iwájú ló ní kí wọ́n mú òun lọ.

Wòlíì Pẹ̀lẹ́ jókòó lórí àga gíga rẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí ahọ́n Olùkọ́ máa wúwo. Olùkọ́ dìde láti ka Bíbélì. Ibi tí Jésù ti kìlọ̀ nípa àwọn wòlíì èké ló ṣí, ibi tó ti sọ pé èso wọn la ó fi dá wọn mọ̀. Ó ka ìlà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ka ìkejì. Kò kólòlò, kò wúkọ́. Ó wá gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó wo aṣọ Wòlíì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé Wòlíì. Alágbàfọ̀ kò fi lẹ́búlẹ́bú sí aṣọ Olùkọ́. Ìdí wo ni kò fi fi sí i, bí kò bá ṣe pé Olùkọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún? Bó bá wá jẹ́ Olùkọ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún, kí ló wà lára aṣọ tí òun wọ̀ yìí?

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lọ́rùn. Ó fi ìka kan ha á. Iná náà bọ́ sí àyà, ó yí lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sílẹ̀. Àwọn tó wà níwájú rí òógùn tó bo ojú rẹ̀. Alágbàfọ̀ náà rí i, ẹ̀rù sì bà á gan-an, nítorí ó mọ̀ pé ọṣẹ, omi àti ṣítáàṣì lásán ló wà lára aṣọ yẹn.

Wòlíì fò dìde. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni gbọ́ rí, ohùn líle tó há bí ìdè ilẹ̀kùn tó dógùn-ún. "Ẹ bọ́ ọ lára mi." Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa aṣọ náà ya láti ọrùn, ó bọ́ ọ, ó jù ú sílẹ̀, ó sì dúró síwájú gbogbo ìjọ.

Awọ dúdú yí i ní ìbàdí ká. Ìfúnpá wà ní apá ọ̀tún, ó wà ní tòsì. Ońdè ló kọ́ sọ́rùn, níbi tí gbogbo wọn ti rò pé àgbélébùú ló wà.

Ìjókòó ṣubú, àwọn ènìyàn ń sá jáde, ìyá kan ń pe ọmọ rẹ̀. Ìyá Ìjọ nìkan ni kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù kan sọ̀. Olùkọ́ pa Bíbélì dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Àǹtí Búlúù ń fa aṣọ àbúrò rẹ̀. "Kí ni wọ́n ń sá fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú yín ló ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Láti ọjọ́rú ni mi ò ti rí nǹkan kan mọ́," ó wí. "Mo rò pé bí mo bá tún fi orí kan ìṣẹ́tí náà lónìí, ojú mi á là."

*

Kò gbà á gbọ́. Ní gbogbo ọ̀nà títí wọ́n fi délé, ohun tó ń sọ ni pé irọ́ ni, pé àwọn ọ̀tá ló so nǹkan mọ́ Wòlíì lára, pé ojú àbúrò òun ti máa ń yára rí àlébù láti kékeré. Alágbàfọ̀ kò bá a jiyàn. Ó gbé aṣọ funfun tó ti ya náà dání. Ó ti mú un nílẹ̀ láìronú, torí pé ó ti mọ́ ọn lára, aṣọ tó bá bá nílẹ̀, á gbé e lọ fọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó gbé aṣọ náà lé e lọ́wọ́.

"Kí lèyí?"

"Ẹ fọwọ́ wò ó."

Ọwọ́ tó ti fọ aṣọ láti ìgbà ọmọge kò nílò ojú. Àwọn ìka aláró náà mọ ọrùn aṣọ, wọ́n mọ òwú pupa, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń tẹ ìṣẹ́tí lọ díẹ̀díẹ̀. Ní apá ẹ̀yìn, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fi iwájú orí kàn án látọjọ́ yìí, wọ́n dúró.

Ó fi eyín já òwú náà. Ìdì dúdú bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì tú u. Àjákù aṣọ kéékèèké ni wọ́n ká mọ́ra wọn nínú rẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan kan tó ń ta ọwọ́ pa. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò ra wọ́n. Ó dé orí ọ̀kan, ó tún ra á. Etí gèlè ni.

"Èmi ni mo ṣẹ́ etí èyí," ó wí. "Mi ò lè ṣi rírán ara mi mọ̀. Mo fún Wòlíì nígbà tó ní òun fẹ́ fi gbàdúrà fún mi. Aṣọ àwa tá à ń kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ló kó pa mọ́ síbẹ̀."

Ó di í mú sọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ dojú kọ ibi tí fèrèsé wà.

"Ṣé agolo yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Bu omi wá."

*

Ẹsẹ̀ ti ń jiná. Nọ́ọ̀sì ní ojú kò ní là mọ́, Àǹtí Búlúù kò sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní Wòlíì Pẹ̀lẹ́ ti kúrò nílùú, pé ó ti ń kó ìjọ mìíràn jọ níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ló wà lórí àga gíga báyìí. Ẹ̀kọ́ nípa ọsibítù tó ṣèlérí, àsìkò rẹ̀ kò tíì tó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé aṣọ rẹ̀ wá.

"Gbé e wá ná kó o tó rẹ ẹ́," Àǹtí Búlúù wí.

Ìka rẹ̀ tẹ ìṣẹ́tí náà lọ yíká. Ní apá ẹ̀yìn, wọ́n dúró.

"Òwú tuntun ni," ó wí.

Alágbàfọ̀ fi ara ti ògiri. "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká kàn fọ̀ ọ́, ká gbé e padà fún wọn."

"Ó rẹ èmi náà. Ìdajì àwọn tó ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, èmi ni mo mú wọn lọ. Ta lo fẹ́ kó lọ sọ fún wọn?" Ó gbé ẹsẹ̀ tó ní egbò sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, ó fi ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ lára ògiri. "Wá fi bàtà sí mi lẹ́sẹ̀. Ilé tó kángun sí wa yìí la máa ti bẹ̀rẹ̀."

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí iná, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀ wá.